Fọ́tì àbí Twẹ́ńtì-Fíftì: Àgbéyẹ̀wò Ọ́ìlì tí À Ń Dà Sínú Ọkọ̀ Ẹrù ní Àríwá Èkìtì

Ní àríwá Èkìtì, láti Ìdó dé Ìfàkì, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé títí kan ojú ọ̀nà Òmùò, bí ọkọ̀ ẹrù bá yà sí ọgbà mẹkáníìkì láti pààrọ̀ ọ́ìlì, ìbéèrè tó máa ń jáde kò ju ẹyọ kan lọ: "Ṣé fọ́tì ni àbí twẹ́ńtì-fíftì?" Fọ́tì ni ọ́ìlì SAE 40, twẹ́ńtì-fíftì sì ni 20W-50. A kì í sábà gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà kọ sínú ìwé. Ìwé ọ̀hún gan-an kì í sí nínú ọkọ̀ mọ́. Ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ náà ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà ló sọnù sí. Bí ọ́ìlì kan náà ṣe ń wọ inú Mercedes 911 tó ń kó gẹdú jáde nínú igbó Ìpàó nìyẹn, tó ń wọ inú tíípà Mack tó ń kó yanrìn, tó tún ń wọ inú Toyota Tundra tí àwọn oníṣòwò iṣu fi ń ná Ayédé àti Ìtàjí.

Ṣé ó tọ̀nà? Lójú tèmi, àwọn mẹkáníìkì wa jàre lórí ọkọ̀ kan, wọ́n jẹ̀bi lórí òmíràn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń pa ẹ́ńjìnnì jù lọ ní agbègbè wa kì í ṣe kíki ọ́ìlì tàbí ṣíṣàn rẹ̀, ó sì ń dùn mí pé orí kíki àti ṣíṣàn ni gbogbo àríyànjiyàn wa máa ń parí sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú nọ́ńbà ara ike ọ́ìlì wò. Ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà tí à ń pè ní SAE, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1905, ló gbé ètò nọ́ńbà náà kalẹ̀ ní 1911, wọ́n sì ń tún un ṣe títí dòní lábẹ́ orúkọ J300. Nọ́ńbà yìí kì í sọ bí ọ́ìlì ṣe dára tó. Kí wọ́n tó pe ọ́ìlì kan ní 40, wọ́n á mú un gbóná dé ìwọ̀n 100°C, wọ́n á wá wo bó ṣe yá tàbí bó ṣe lọ́ra tó láti ṣàn gba inú ihò tóóró kọjá. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka èyí ni cSt. Bó bá ṣe pọ̀ sí i ni ọ́ìlì ṣe ń ki sí i. Ọ́ìlì 20 máa ń bọ́ sí àárín 6.9 sí 9.3, 30 sí àárín 9.3 sí 12.5, 40 sí àárín 12.5 sí 16.3, 50 sí àárín 16.3 sí 21.9. Nọ́ńbà tó ní W lẹ́yìn, bíi 15W tàbí 20W, inú òtútù ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ti dán an wò. Pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ ṣì lè fa 15W nígbà tí òtútù bá wà ní ìwọ̀n 25 nísàlẹ̀ òdo, kí ó sì lè fa 20W ní ìwọ̀n 20 nísàlẹ̀ òdo. Ọyẹ́ Ìkọ̀lé, bó ti wù kó mú tó, kò sún mọ́ ibẹ̀ rárá.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣì í mú. Wọ́n á ní, "Ilẹ̀ wa gbóná, nítorí náà ọ́ìlì tó ki ló yẹ wá, àwọn òyìnbó ló nílò èyí tó ṣàn bí omi." Ìdajì ọ̀rọ̀ yìí lóòótọ́ ni. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń ki bí ó bá tutù gẹ́gẹ́ bí epo pupa ṣe ń dì nígbà ọyẹ́. Ọ́ìlì 0W-20 tí kò ju nǹkan bíi 8.5 lọ nígbà tó gbóná dé 100°C, bíi 45 ló máa ń jẹ́ ní 40°C. 15W-40 á wà ní bíi 110 ní 40°C yẹn kan náà, 20W-50 á sì wà ní bíi 170. Àárọ̀ Ìkọ̀lé kò sì tó 40°C. Nígbà tí dẹ́rẹ́bà bá yí kọ́kọ́rọ́ ní aago márùn-ún ìdájí láti jáde lọ sí ọjà, kò sí ọ́ìlì kankan nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ṣàn jù. Gbogbo wọn ló ki ju bí ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì ṣe fẹ́ kí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ. Ohun tí èyí tó ki jù ń fi lé e ni pé ó máa ń pẹ́ kó tó gun òkè dé orí ẹ́ńjìnnì, ibi tí káámù àti fáàfù wà, àwọn irin ibẹ̀ á sì máa ha ara wọn ní gbígbẹ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan sí i ní gbogbo àárọ̀ ayé ọkọ̀ náà.

Bí ẹ́ńjìnnì bá wá gbóná tán ńkọ́? Tẹmósítáàtì ló ń pinnu bí omi inú rẹ̀ ṣe máa gbóná tó, ìyẹn sì máa ń wà láàárín 80 sí 95°C nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, yálà Norway ni ọkọ̀ wà tàbí Ọ̀yẹ́. Oòrùn ọ̀sán tó wà ní ìwọ̀n 33 kò lè dẹ́rù ba ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ ní 90. Ohun tó lè gbé ọ́ìlì inú rẹ̀ kọjá 120 ni ẹrù àpọ̀jù, òkè gíga tí a fi jíà kejì gùn fún àkókò pípẹ́, rẹdíétọ̀ tí ìpẹtà ti dí, àti fáànù tí bẹ́líìtì rẹ̀ ń yọ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ló wà lọ́nà Ayédé àti Ìsàn. Nítorí náà bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ ọ́ìlì tó ki díẹ̀ sí i nítorí gẹdú tí òun ń rù, mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá ní nítorí oòrùn ni, mi ò gbà.

Àṣà kan wà ní ọgbà mẹkáníìkì wa tí kò sí nínú ìwé àwọn tó ṣe ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbóná jù, wọ́n á yọ tẹmósítáàtì dànù. Omi á wá máa yí láìdúró. Ó dára lójú, nítorí abẹ́rẹ́ ooru kò ní gòkè mọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó kàn ń lọ láti Ọ̀yẹ́ sí Ìkọ̀lé láìkó ẹrù kò ní gbóná tó bó ṣe yẹ mọ́. Omi tí èéfín iná epo máa ń dá sínú ẹ́ńjìnnì kò ní rí ooru tó máa lé e jáde, á pò mọ́ ọ́ìlì, ọ́ìlì á di ẹrẹ̀ dúdú ní abẹ́ ìdérí fáàfù. Lórí irú ẹ́ńjìnnì tó tutù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á tún wá da twẹ́ńtì-fíftì sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó ṣí ìdérí tí à ń da ọ́ìlì gbà, kó wo abẹ́ rẹ̀: bí ohun funfun tó dà bíi míyónéèsì bá lẹ̀ mọ́ ọn, kò sí nọ́ńbà ọ́ìlì tó lè wo ìyẹn sàn. Tẹmósítáàtì tuntun ni kó lọ rà.

Ó yá, ká wo àwọn ọkọ̀ ọ̀hún lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mercedes 911 ni mo máa kọ́kọ́ gbèjà mẹkáníìkì lé lórí. Ẹ́ńjìnnì OM 352 tó wà nínú rẹ̀, pístìnnì mẹ́fà, lítà 5.7, kò ní ẹ̀rọ ayárabíàṣá kankan, ihò tí ọ́ìlì ń gbà nínú rẹ̀ sì fẹ̀. Ayé ìgbà tí wọ́n ṣe é, ìwé ọkọ̀ kì í dárúkọ ọ́ìlì kan ṣoṣo. Àtẹ ni wọ́n máa ń yà síbẹ̀: bí ibi tí ẹ wà bá tutù, ọ́ìlì báyìí, bó bá gbóná, ọ́ìlì báyìí. Apá ibi tó gbóná nínú irú àtẹ bẹ́ẹ̀ ni SAE 40 oníkan máa ń wà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ANAMMCO bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ẹrù Mercedes pọ̀ ní Ẹnúgu ní nǹkan bí 1980, irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Nàìjíríà mọ̀. Ọ̀gá mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá tiẹ̀ nígbà náà kò ṣẹ̀ sí ìwé kankan bó bá da fọ́tì sínú 911. Ìwé gan-an ló ń tẹ̀ lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kà á rí. Bí ẹ bá bi mí, 15W-40 tí wọ́n ṣe fún dísẹ́ẹ̀lì sàn jù ú lọ, nítorí pé ó ń tètè gun òkè ní ìdájí, bó bá sì gbóná tán, 40 náà ni. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká a, tó da SAE 40 gidi, tí kì í ṣe ayédèrú, kò pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára.

Mack, DAF, MAN Diesel àti Howo tó ń kó sìmẹ́ǹtì, òkúta àti epo gba ọ̀nà wa kọjá, 15W-40 ni ilé iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú wọn ń dárúkọ, kì í sì í ṣe nọ́ńbà nìkan. Mercedes á ní kí ọ́ìlì bá ìwé 228.3 tiwọn mu, Mack á ní EO-N, Volvo á ní VDS-3. Àwọn nọ́ńbà kéékèèké ẹ̀yìn ike yìí la kì í kà. Ọ̀pọ̀ lára àwọn ẹ́ńjìnnì yìí ló ní tọ́bò, irin tóóró inú tọ́bò sì ń yí lọ́pọ̀ ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan lórí ọ́ìlì nìkan. Bí ọ́ìlì bá pẹ́ kó tó débẹ̀ ní àárọ̀, tọ́bò ló máa kọ́kọ́ sanwó rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà tó bá ní tọ́bò, tó sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ́ńjìnnì rá-rá-rá lójú ẹsẹ̀ tó bá ti tan án, kó yáa fi àṣà yẹn sílẹ̀, ohun yòówù kó wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá yí padà pátápátá bí a bá dé orí pickup tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, irú Tundra, Tacoma àti F-150. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé 0W-20 tàbí 5W-20 ni wọ́n kọ sára ìdérí ọ́ìlì. Nígbà tí mẹkáníìkì wa bá rí ogún yẹn, ẹ̀rín ló máa ń rín. Ó sì nídìí tó fi yẹ kó ṣiyèméjì. Ní 1975, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń tà kò gbọ́dọ̀ jẹ epo kọjá ìwọ̀n kan bí a bá ṣírò gbogbo wọn pọ̀. Òfin náà sì ń le sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ọ́ìlì tó ṣàn ń dín agbára tí ẹ́ńjìnnì ń fi ti ara rẹ̀ kù, ó lè gba lítà kan tàbí méjì là nínú ọgọ́rùn-ún lítà epo. Fún oníkálukú, kékeré nìyẹn. Fún ilé iṣẹ́ tó ń ta ọkọ̀ mílíọ̀nù, ọ̀rọ̀ owó ìtanràn ló jẹ́ títí di 2025. Ìdí kan nìyẹn tí ogún fi gbalẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Toyota fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé ọ́ìlì tó ki ju 0W-20 lọ lè dára jù fún ẹni tó ń sáré gan-an tàbí tó ń gbé ẹrù tó wúwo. Ìwé Hilux dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ mìíràn sì máa ń ní àtẹ ooru nínú, tí ọ́ìlì bíi 5W-30, 10W-30 àti 15W-40 ń jókòó ti ara wọn.

Nítorí náà ìwé kò fi ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n sórí nọ́ńbà kan. Ṣùgbọ́n òpin wà. Ẹ́ńjìnnì Tundra kì í ṣe OM 352. Ẹ̀rọ tí Toyota ń pè ní VVT-i wà nínú rẹ̀, èyí tó ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí àti ìgbà tó ń tì padà bí ọkọ̀ ṣe ń sáré. Ọ́ìlì ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀rọ yìí. Ó ń gba inú ihò tóóró àti síìfì tí ojú rẹ̀ kò ju ti asẹ́ ọ̀gì lọ kọjá, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ sì ń retí pé kó dé láàárín àkókò kan pàtó. Bí 20W-50 bá wà níbẹ̀, tó sì jẹ́ àárọ̀, ó máa pẹ́ dé. Ìgbà yẹn ni iná ẹ́ńjìnnì á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ariwo gra-gra á máa jáde níwájú ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, wọ́n á ní kí oníǹkan lọ ra ṣéènì tuntun. Owó ṣéènì á lọ, ariwo á padà wá.

Ohun tí èmi máa dà sínú Tundra tó ń kó iṣu ní Ayédé ni 5W-30. Ìdí rẹ̀ rèé. Yàtọ̀ sí bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn lásán, SAE tún máa ń dán an wò ní 150°C lábẹ́ ìfọ́pọ̀ irin tó ń sáré, bíi ti inú bẹ́ríìnì. Níbẹ̀, ó kéré tán, 20 gbọ́dọ̀ ní 2.6, 30 gbọ́dọ̀ ní 2.9, 15W-40 gbọ́dọ̀ ní 3.7. Nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí awọ ọ́ìlì tó wà láàárín irin méjì ṣe nípọn tó nígbà tí ẹrù bá wúwo. Láti ogún sí ọgbọ̀n, a ti rí ààbò díẹ̀ sí i fún òkè àti ẹrù, VVT-i kò sì ní kùnà. Láti ogún fò sí àádọ́ta, ìyẹn ti kọjá àtúnṣe.

Ẹ̀rí kan wà láti Amẹ́ríkà tí àwọn tó fẹ́ràn ọ́ìlì kíki yóò yọ̀ sí, tó sì yẹ kí gbogbo wa fara balẹ̀ kà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, General Motors pe ọkọ̀ bíi 721,000 padà káàkiri ayé, tí nǹkan bí 600,000 nínú wọn wà ní Amẹ́ríkà. Pickup àti jíìpù ńlá ni wọ́n, Silverado, Sierra, Tahoe, Yukon, Escalade, tí wọ́n ṣe láàárín 2021 sí 2024 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì V8 lítà 6.2 tí wọ́n ń pè ní L87. Kíránkì àti kọnrọ́ọ̀dù àwọn kan nínú wọn ní àbùkù láti ilé iṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì lè kú lójijì lójú ọ̀nà. Ọ́ìlì tí ìwé dárúkọ fún wọn ni 0W-20. Ìdájọ́ tí GM ṣe ni pé èyí tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé àìsàn ti wà lára rẹ̀, wọ́n á tún un ṣe tàbí kí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì mìíràn rọ́pò rẹ̀. Èyí tó bá yege, wọ́n á da 0W-40 sínú rẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ fíltà àti ìdérí ọ́ìlì tí wọ́n kọ 0W-20 sí, wọ́n á sì fi ojú ìwé tuntun kún ìwé ọkọ̀.

Ẹni tó bá sọ fún mi pé èyí ni ẹ̀rí pé ọ̀gá mẹkáníìkì wa ti mọ̀ ju òyìnbó lọ, ohun méjì ni mo ní fún un. Èkíní, GM kò fọwọ́ kan nọ́ńbà iwájú. 0W ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, 0W náà ni wọ́n fi sílẹ̀. Ohun tí wọ́n mú ki ni ìgbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná. Ìgbà tó tutù, wọ́n ṣì fẹ́ kó ṣàn bíi ti tẹ́lẹ̀. Twẹ́ńtì-fíftì tiwa ń ki níwájú, ó ń ki lẹ́yìn. Èkejì, kò sẹ́ni tó sọ pé 0W-40 wo àbùkù kíránkì sàn. Wọ́n ń lò ó láti fi awọ tó nípọn díẹ̀ bo irin tí kò tíì fi àbùkù hàn ni, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ yẹ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wò. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé Ìkọ̀lé ní tòkunbọ̀ lọ́la, kò ní sí ojú ìwé tuntun kankan nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa kọ lẹ́tà sí ẹni tó rà á.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí jù lọ ni iná ọ́ìlì, iná pupa kékeré tó ní àwòrán agolo epo lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Òun ló sọ twẹ́ńtì-fíftì di ọba ní agbègbè wa. Ọ̀rọ̀ dẹ́rẹ́bà àti ọ̀gá mẹkáníìkì sábà máa ń lọ báyìí:

"Ẹ gbà mí o, ọ̀gá. Bí mo bá ti dúró níbi gọ́ńgọ́, iná ọ́ìlì yìí á máa ṣẹ́jú."

"Ọ́ìlì kí lo dà sí i?"

"Fọ́tì ni, sà."

"Lọ ra fíftì. Á kú."

Iná á sì kú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ló kú? Iná yìí kì í wọn ọ́ìlì tó ń dé inú bẹ́ríìnì. Agbára tí ọ́ìlì fi ń ti ara rẹ̀ nínú páìpù ló ń wọ̀n. Bí ọ́ìlì bá ki, ó ṣòro láti tì gba ibi tóóró kọjá, agbára á gòkè nínú páìpù, iná á kú, kódà bí ọ́ìlì tó ń kọjá kò bá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ríìnì kíránkì tuntun máa ń fi àlàfo kékeré sílẹ̀ fún ọ́ìlì, tó lè jẹ́ ìdá ọgọ́rùn-ún mílímítà márùn-ún. Bí ó bá jẹ tó di ìdá ọgọ́rùn-ún mẹ́wàá, àlàfo ti di ìlọ́po méjì. Ọ́ìlì tó ń jò gba ibẹ̀ kì í wá di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́jọ ló ń dà, nítorí pé a óò fi méjì sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ wá wo ohun tí fíftì mú wá: láti 40 sí 50, kíki ọ́ìlì gòkè láti bíi 14.5 sí bíi 18.5, ohun tó fi lé kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan lọ. Ìdá mẹ́rin kan ni a fẹ́ fi dí jíjò ìlọ́po mẹ́jọ. A pa iná, bẹ́ríìnì ń jẹ lọ. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì lójú òkè pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, wọ́n á ní ọ̀tá ló ṣe é.

Ohun tó yẹ ní ọjọ́ tí iná kọ́kọ́ ṣẹ́jú kò wọ́n rárá. Kí wọ́n tú ojú ibi tí ń tan iná náà, kí wọ́n de géèjì agbára gidi mọ́ ọn, kí wọ́n kà á nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná. Ó lè jẹ́ ojú tí ń tan iná ló bàjẹ́. Ó lè jẹ́ fíltà tó ti dí, tàbí kí síìfì ìsàlẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Bó bá wá jẹ́ bẹ́ríìnì lóòótọ́, owó bẹ́ríìnì lásìkò yẹn kéré púpọ̀ sí owó kíránkì tuntun. Mi ò bá ẹni tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ jà bó bá da fíftì sínú 911 rẹ̀ kó lè fi kó kòkó ọdún yìí dé ilé. Ọ̀nà àbáyọ fún ìgbà díẹ̀ ni, kó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí mo bá jà ni ẹni tó da fíftì pẹ̀lú ọ́ìlì tírítìmẹ́ǹtì tó fà bí oyin sínú ẹ́ńjìnnì tó ti ń kú lọ, tó wá gbé ọkọ̀ náà fún ẹlòmíràn pé kó wá rà á. Ìyẹn jìbìtì ni. Bí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀, tí ẹ bá fa géèjì ọ́ìlì jáde, tí ọ́ìlì ẹnu rẹ̀ kò fẹ́ kán sílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó san owó.

Èyí tó kù ni ohun tí mo ní ó ń pa ẹ́ńjìnnì jù lọ, kò sì kan fọ́tì tàbí fíftì.

Lẹ́yìn ike ọ́ìlì, lẹ́tà tí API, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ epo ní Amẹ́ríkà, fi ń pín ọ́ìlì sí ipele máa ń wà níbẹ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S jẹ́ ti bẹntiróòlù, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C jẹ́ ti dísẹ́ẹ̀lì. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: CH-4 jáde ní 1998, CI-4 ní 2002, CJ-4 ní 2006, CK-4 ní ìparí 2016. Ọ́ìlì méjì lè jẹ́ 20W-50 méjèèjì, kí ọ̀kan jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ogójì ọdún sẹ́yìn, kí èkejì sì lè ṣiṣẹ́ nínú tíípà dísẹ́ẹ̀lì. Ìyàtọ̀ wọn tóbi ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín 40 àti 50 lọ. Èéfín dísẹ́ẹ̀lì dúdú, ó ní sọ́fọ̀ nínú, sọ́fọ̀ sì ń di ásíìdì tó ń jẹ irin. Àwọn èròjà tó ń pa ásíìdì ọ̀hún ni wọ́n kó sínú ọ́ìlì C tí kò tó nǹkan nínú ọ́ìlì S àtijọ́. Ní ìlú wa, ọ̀ràn yìí le ju ti òyìnbó lọ. Títí di 2016, dísẹ́ẹ̀lì tí òfin gbà láyè ní Nàìjíríà lè ní sọ́fọ̀ tó tó 3,000 nínú mílíọ̀nù kan, nígbà tí ti Amẹ́ríkà kò gbọ́dọ̀ ju 15 lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn ní Àbújá, Nàìjíríà, Benin, Tógò, Gánà àti Ivory Coast fẹnu kò pé àwọn yóò sọ ọ́ di 50, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láti ẹnu dé ìṣe. Ẹ wá fi dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n sè nínú igbó Niger Delta, tó ń dé ojú ọ̀nà wa nínú dúrọ́ọ̀mù, kún un. Ìdí nìyí tí CI-4 fi wù mí fún ọkọ̀ ẹrù tiwa ju CK-4 tuntun lọ: dísẹ́ẹ̀lì mímọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe CK-4, wọ́n sì dín eérú inú rẹ̀ kù nítorí fíltà èéfín tí ọkọ̀ tiwa kò ní. Ìdí nìyí náà tí iye kìlómítà tí ìwé òyìnbó ní ká fi pààrọ̀ ọ́ìlì kò fi yẹ wá. Ìdajì rẹ̀ ni kí a lò.

Ayédèrú wá ni baba gbogbo rẹ̀. Ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù tí wọ́n tú sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní iṣẹ́ tó mọ́ tó lè ṣe. Àwọn lágẹdú ń ta á sí ara ṣéènì ayùn wọn, àwọn káfíńtà ń kùn ún sára pákó kí ikán má bàa jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó ń rà á ní dúrọ́ọ̀mù, tí wọ́n ń jẹ́ kó tòrò, tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ, tí wọ́n ń rọ ọ́ sínú ike tó ní orúkọ rere lára. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lẹ ìdérí rẹ̀ pa, ta ló máa mọ̀? Òótọ́ ni pé Lubcon wà ní Ìlọrin nítòsí wa, tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì ń po ọ́ìlì gidi ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ́ìlì ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń pò ni wọ́n ń kó wọlé, nítorí pé ẹ̀ka tí ilé ìfọpo Kàdúná ní fún un ti dákẹ́ tipẹ́, owó dọ́là sì ń lé ọ́ìlì gidi kúrò lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà. Ibi tí owó bá ti le ni ayédèrú ti ń rọrùn tà. Gígún ike tó bá ṣófo láti ìdí rẹ̀ kí a tó sọ ọ́ nù, ìṣẹ́jú kan ni, gbogbo ọgbà mẹkáníìkì ló sì yẹ kó máa ṣe é.

Nínú gbogbo èyí, ohun kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún. FUOYE, yunifásítì tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2011, ní ọgbà ní Ọ̀yẹ́ àti ní Ìkọ̀lé, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ ẹnjiníà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn kíki ọ́ìlì kì í ṣe ohun àwòyanu: abọ́ omi gbígbóná, páìpù gíláàsì tóóró, aago, àti tẹ̀mómítà ni. Kí yunifásítì yìí àti NATA, ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, jọ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù. Kí ọ̀gá mẹkáníìkì kọ̀ọ̀kan rọ ìgò kékeré kan nínú ọ́ìlì tó ń tà wá. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀n ọ́n níwájú rẹ̀ ní 40 àti ní 100°C, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ike rẹ̀ sọ, kí wọ́n sì lẹ ìwé náà mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo dẹ́rẹ́bà á ti máa rí i. Nígbà náà la máa mọ̀ bóyá fọ́tì tí à ń jiyàn lé lórí láti àárọ̀ yìí jẹ́ fọ́tì lóòótọ́.